Ife Omi Tí Bámgbóṣé Gbé Fún Bàbá Adéníyì

Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Bámgbóṣé kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ péré ni ó rìn kí òtítọ́ tó dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2007, Bámgbóṣé, àgbà mẹkáníìkì ìlú Ìkọ̀lé, dìde jókòó lórí ibùsùn àìsàn, ó ní kí Ṣèyífúnmi ọmọbìnrin òun bá òun wá takisí kan tí yóò gbé òun lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, sí ilé Màmá Beatrice, opó Bàbá Adéníyì. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ó ti wú, ó mi orí.

"Bàbá, dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ jáde ní ulé. Ẹ jẹ́ kí ara yín balẹ̀ ná."

"Ara mi ò lè balẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ ní unú mi. Bí mo bá gbé e wọ ulẹ̀, ulẹ̀ ò ní gbà mí. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí, wàá rí àpò náílọ̀n dúdú kan. Gbé e dání, má tú u."

Ṣèyífúnmi gbé e. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹrù tí bàbá òun ti ń gbé láti ọdún mẹ́jọ kò ju bàtà méjì àti agolo mílíìkì kan lọ.

Kí ẹ tó gbọ́ bí àpò náà ṣe dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Bámgbóṣé jẹ́, nítorí ẹni tí a kò fọkàn tán kò lè rí wa dà. Kì í ṣe mẹkáníìkì tí ń fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀. Láyé ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ti dàgbà ju ẹni tí ń wà á lọ, ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Mọ́rísì tí adìyẹ ti ń yé sí nínú, ọkọ̀ ìjàpá tí ìpẹtà ti jẹ nídìí, Pijó àtijọ́ tí ẹni tí ń ta pááàtì rẹ̀ ti ń wọ́n bí ojú, gbogbo wọn ni ó ń jí dìde. Ó sì ní àṣà kan tí tọmọdé tàgbà Ìkọ̀lé mọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá tún ọkọ̀ ṣe tán, yóò bu omi sínú ife tánganran funfun kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, yóò gbé e ka iwájú ọkọ̀ lábẹ́ gíláàsì, yóò sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ sí ìdàgẹ̀rẹ́ Odò-Orò. Yóò jẹ́ kí ó sáré sọ̀kalẹ̀, yóò wá tẹ búréèkì. Bí búréèkì kò bá dára, bí ó bá ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ó gan lójijì, omi á dà. Bí ó bá mú ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ti yẹ, omi á kàn mì ni. Ìgbà tí omi bá dé láì dà ni yóò tó gbé ife náà àti kọ́kọ́rọ́ fún olówó ọkọ̀. Kì í rán ọmọ iṣẹ́. Ó ní ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí à ń fi rán ọmọ.

Bàbá Adéníyì fẹ́ràn àṣà náà ju gbogbo ènìyàn lọ. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún 1964 ni ó ra Pijó 404 rẹ̀, ọdún náà gan-an ni ó gbé Màmá Beatrice níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ayédé. Láti ìgbà tí Bámgbóṣé ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà fún un, bí Bàbá bá wá gba kọ́kọ́rọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni í máa bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu: "Bámgbóṣé, omi ò dà?" Bámgbóṣé á ní, "Kò dà, Bàbá." Bàbá á gba ife, á mu omi náà tán, á wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ Bámgbóṣé ju ìyìn inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ní ọdún 1999, ìgbéyàwó Bàbá àti Màmá pé ọdún márùndínlógójì. Wọ́n mú Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá láti lọ dúpẹ́ ní Ayédé, níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ àtíbàbà fún ọdún mẹ́rin láì rìn. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, àwọn yóò mú Tòyótà tuntun wá gbé wọn. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tí ó gbé wa lọ gba ìbùkún ni yóò gbé wa lọ dúpẹ́. Ẹ fi Bámgbóṣé sílẹ̀, kò ní í já mi kulẹ̀." Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bámgbóṣé, orí rẹ̀ wú. Ó ní òun mọ̀ lónìí pé orí wíwú náà ni ó pa Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó fọ kabúrétọ̀, ó lọ wá ọ̀pá kan dé Adó, ó rí gíláàsì iná iwájú kan lára òkú Pijó kan nínú igbó lẹ́yìn Ìdó. Ohun gbogbo bọ́ sí i fún un, àfi rọ́bà kan. Rọ́bà náà wà nínú másítà búréèkì, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Òun ni í ti epo búréèkì síwájú nígbà tí dírẹ́bà bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹsẹ̀ lásán ni dírẹ́bà ń nà. Ti inú ọkọ̀ Bàbá ti gbó, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Bámgbóṣé wá a ní Adó, kò rí i. Ó wọ mọ́tò lọ sí Èkó, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n bi í bóyá ọkọ̀ bàbá ńlá rẹ̀ ni ó ń tún ṣe. Ní Ìbàdàn ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Àníkẹ́, tí ń ta pááàtì Pijó àtijọ́, ti sọ fún un pé, "Bàbá, yóò ti Kútọnu dé. Mọ́ńdè ni n ó fi rán dírẹ́bà sí yín." Sátidé ni ìdúpẹ́. Mọ́ńdè yóò dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, Bámgbóṣé jókòó síwájú másítà náà láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ kò pọ̀. Kí ó kàn ránṣẹ́ sí Bàbá pé, "Bàbá, n kò rí i. Ẹ wọ Tòyótà àwọn ọmọ lọ." Ó tán. Ta ni yóò bá a jà? Ṣùgbọ́n kò tí ì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bámgbóṣé gba òwe náà gbọ́. Àmọ́ ikú ẹni ẹlẹ́ni ni ó fi sá fún ẹ̀sín tirẹ̀. Ó mú rọ́bà Pijó 504, tí ó tóbi ju ti 404 lọ, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi pépà tí a fi ń ha irin ha á títí ó fi wọlé. Ó da epo sí i, ó fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì, ó le gírígírí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọkọ̀ dúró sí yóò ní búréèkì ń bẹ.

Ó wá ku ìdàgẹ̀rẹ́ Odò-Orò. Kì í ṣe pé àyè kò sí. Aago méjì ọ̀sán ni, Bàbá kò ní í dé títí di aago mẹ́rin. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e ka iwájú ọkọ̀, ó jókòó, ó di sitiáríǹ mú, kò sì lè tan iná sí i. Ó ní òun mọ̀. Ọwọ́ tí ó gé rọ́bà mọ ohun tí ó gé. Ó mọ̀ pé etí tí a ti gé kò lè dúró bí epo bá gbóná, ẹ̀rù ìdàgẹ̀rẹ́ náà sì bà á. Ẹ wo ìwà ìkà: ẹni tí ẹ̀rù bà láti wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ gbé e fún arúgbó. Ó tan ara rẹ̀ pé ọjọ́ kan péré ni, pé bí wọ́n bá ti dé ní ọjọ́ Sátidé, òun yóò gbà á padà, òun yóò fi ojúlówó sí i ní Mọ́ńdè, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ní aago mẹ́rin, Bàbá dé pẹ̀lú Olúrẹ̀mí dírẹ́bà rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Olúrẹ̀mí nígbà náà. Bàbá ni ó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà láti kékeré, ó sì ń pè é ní ọmọ. Ó wọ bàtà aláwọ dúdú tuntun kan tí Bàbá rà fún un nítorí ìdúpẹ́, ó ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùn bọn-ùn. Bámgbóṣé gbé ife jáde láti inú ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan, ó gbé e lé Bàbá lọ́wọ́.

"Bámgbóṣé, omi ò dà?"

"Kò dà, Bàbá."

Bàbá mu omi náà tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Mo mọ̀ pé o kò ní í já mi kulẹ̀." Ó wọ ọkọ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Beatrice ti bá àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ṣíwájú lọ sí Ayédé láti lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó wà nínú ọkọ̀. Bàbá jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn nínú aṣọ òfì, ó ń kọ orin. Ìdàgẹ̀rẹ́ gígùn kan wà kí wọ́n tó wọ ìlú. Olúrẹ̀mí tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó mú un. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ láì kan nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fa háńdì búréèkì, kò tó ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ru iṣu ti oko bọ̀ wà lójú títì níwájú rẹ̀. Ó yí sitiáríǹ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ sì lọ sọ orí mọ́ afárá onísìmẹ́ńtì. Kò sí ohun tí ó ṣe àwọn obìnrin náà. Apá Olúrẹ̀mí kan kán. Bàbá Adéníyì kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ń lu agogo láti kí wọn káàbọ̀.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, Bámgbóṣé ní kì í ṣe Bàbá ni òun kọ́kọ́ rò. Rọ́bà ni òun rò. Ó ní kí a má fi èyí pamọ́, kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bí Àníkẹ́ ti ṣèlérí, dírẹ́bà Ìbàdàn kan gbé páálí kékeré kan fún un. Ojúlówó rọ́bà 404 ni, ó wà nínú bébà rẹ̀, kò ní àbàwọ́n. Ó wo nǹkan náà lọ́wọ́, ó sunkún. Kò pẹ́ tí ó sunkún tán ni ó mú àpò irinṣẹ́, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n wọ́ òkú ọkọ̀ náà sí. Ó ní òun fẹ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ òun. Ta ni kò mọ Bámgbóṣé? Wọ́n ní kí ó máa wò ó. Lójú ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, ó tú másítà náà. Etí rọ́bà tí ó gé ti ká sínú bí ewé tí iná rà. Ó yọ ọ́, ó fi ojúlówó sí i, ó da epo tuntun sí i, ó fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì títí ó fi le. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣì ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá lára. Rọ́bà tí ọkọ̀ náà ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí yóò gbé mọ́.

Nígbà tí àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò dé ní ọjọ́ Túsìdeè, búréèkì ń bẹ. Àwọn ẹbí Bàbá pe Bámgbóṣé sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní òun ni ó mọ ọkọ̀ náà, kí ó wí tirẹ̀. Ó dìde. Màmá Beatrice jókòó níwájú nínú aṣọ dúdú, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Bámgbóṣé ní, "Búréèkì pé. Mo gbé ife omi lọ sí Odò-Orò, omi ò dà. Bàbá mu omi náà lójú gbogbo wa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ Olúrẹ̀mí. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá ti balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣà á. Wọ́n ti Olúrẹ̀mí mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Màmá Beatrice tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé òun kò fẹ́ ẹjọ́ lórí òkú ọkọ òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà mọ́ láéláé. Ọmọbìnrin tí ó ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú rẹ̀ dá òrùka padà.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ó burú mọ. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni, bóyá Bámgbóṣé ìbá ti gbé e mì. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú Olúrẹ̀mí sílẹ̀, ó wá sí ibi iṣẹ́ Bámgbóṣé. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bàtà aláwọ náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eruku ti bò ó. Kò wá jà. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú apá kíkán.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín ṣe awuyewuye. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀. Mo tẹ búréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń lọ ulẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ní búréèkì pé. Ṣé mo tẹ̀ ẹ́, àbí orí mi ló dàrú? Ẹ ṣáà sọ fún mi. Bí ẹ bá ti sọ, mo gbà."

Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀. Àyè nìyẹn tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún Bámgbóṣé gbayawu. Ì bá kàn ní, "O tẹ̀ ẹ́." Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí ẹbí. Ó wo ọmọ náà títí, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára bàtà.

Ó ní, "Bàtà yìí lo wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Òun ni, Ọ̀gá. Bàbá ló rà á fún mi."

"Awọ ni usàlẹ̀ rẹ̀. Awọ tuntun a máa yọ̀. Ó yọ̀ kúrò lórí búréèkì, ìwọ ò mọ̀, o wá ń tẹná dípò rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, Olúrẹ̀mí. Ìwọ ni."

Olúrẹ̀mí kò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tú okùn bàtà, ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú Bámgbóṣé. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ là mí lójú, Ọ̀gá. Mi ò ní wọ bàtà mọ́." Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí èérún irin tí ó kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni Bámgbóṣé kò lè gbé mì.

Láti ọjọ́ náà, Olúrẹ̀mí kò fi bàtà sẹ́sẹ̀, kò sì wọ ọkọ̀ mọ́. Ó ń bá àwọn ènìyàn kọ ebè ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù, á lọ sí iwájú ilé Bàbá Adéníyì, á ro koríko ojú oórì rẹ̀, á gbá a mọ́. Bí Màmá Beatrice bá jáde, á dọ̀bálẹ̀ kí i. Màmá kì í dáhùn. Oòrùn á pa á títí á fi ro ó tán, kò sí ẹni tí í bu omi fún un.

Bámgbóṣé pàápàá kò rí oorun ire sùn. Ó gbé bàtà náà pamọ́ nítorí pé kò lè sọ ọ́ nù, ó sì fi rọ́bà tí ó gé sínú agolo mílíìkì. Ó ní òun kò wa ọkọ̀ lọ sí Odò-Orò mọ́, ó ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá gbé omi fún un mu, bí omi náà bá mì nínú ife, á gbọ́ ohùn Bàbá ketekete létí rẹ̀: "Bámgbóṣé, omi ò dà?" Á gbé ife náà sílẹ̀. Ó wá di pé inú ìgò ni ó ti ń mu omi, kí ó má baà rí ojú omi náà. Àwọn ará ilé rò pé àìsàn ni, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ní í mú irú rẹ̀ wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Sátidé ọdún 2007 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, takisí ń gbé e ti ilé ìwòsàn Ìdó bọ̀. Oòrùn ọ̀sán ti mú kí ọ̀dà ojú títì máa yọ́. Ẹnìkan ń lọ níwájú, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀dà gbígbóná náà. Dírẹ́bà dúró láti gbé e. Olúrẹ̀mí ni. Ó tẹríba lójú fèrèsé, ó rí Bámgbóṣé.

"Ẹ kú ọ̀nà, Ọ̀gá. Mo gbọ́ pé ara yín ò yá. Mo ń gbàdúrà fún yín lójoojúmọ́. Ẹ máa lọ, èmi kì í wọ ọkọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Bámgbóṣé yíjú padà, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀dà títí kò fi rí i mọ́. Ibẹ̀ ni ó ti pinnu.

Nígbà tí wọ́n dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Sátidé náà, Olúrẹ̀mí wà lójú oórì, ó ń ro ó lọ́wọ́. Màmá Beatrice jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ṣèyífúnmi di bàbá rẹ̀ lápá mú. Ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀; Bámgbóṣé kò dúró kí wọ́n gbé àga wá, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú náà sí agbede méjì àwọn méjèèjì.

"Bàbá Ṣèyífúnmi, kí lẹ ń ṣe yìí?" ni Màmá wí, ó fẹ́ dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n wà ní ulẹ̀, Màmá. Ulẹ̀ ló yẹ mí. Olúrẹ̀mí, fi ọkọ́ sílẹ̀, súnmọ́ mi. Urọ́ ni mo pa. Èmi ni mo pa Bàbá."

Ó wí gbogbo rẹ̀, bí ẹ ti gbọ́ ọ. Rọ́bà, abẹ, ife omi, àgọ́ ọlọ́pàá, kò fo ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi bàtà, Ṣèyífúnmi bú sẹ́kún nítorí pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bàbá tí ó bí òun ni. Bámgbóṣé ṣí agolo mílíìkì, ó da rọ́bà tí etí rẹ̀ ká náà sí àtẹ́lẹwọ́ Olúrẹ̀mí. Kò wúwo ju eyín ọmọdé lọ.

Olúrẹ̀mí ní, "Mo tẹ búréèkì?"

"O tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tún un sọ, Ọ̀gá."

"O tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. O tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Kò sí búréèkì níbẹ̀ ni. Ìwọ lo gba àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn là. Mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ Màmá. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ ṣáà gba òótọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó lọ."

Olúrẹ̀mí ní, "Níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́."

"N ó sọ ọ́ ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì náà. N ó sì sọ ọ́ ní ìpàdé àwa mẹkáníìkì Ìkọ̀lé, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní láti fi ẹní gbé mi dé ibẹ̀. N ó sọ fún àwọn ọmọ uṣẹ́ pé bí wọn ò bá rí pááàtì, kí wọ́n ní àwọn ò rí i. Gbólóhùn náà ò wúwo. Èmi ni mo rò pé ó wúwo."

Àwo ẹ̀wà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ Màmá Beatrice, ẹ̀wà ti túká sílẹ̀, kò ṣà á. Bámgbóṣé fa bàtà jáde nínú àpò. Ó ti fi òróró pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́jọ náà, ó ṣì ń dán. Ó gbé e síwájú Olúrẹ̀mí. Olúrẹ̀mí jókòó sí etí oórì, ó fi ọwọ́ nu eruku ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ náà bọ bàtà. Kò wọlé. Ó ti ìka síwájú, ó fi ọwọ́ fa ẹ̀yìn bàtà, kò wọlé. Ọdún mẹ́jọ lórí ilẹ̀ gbígbóná ti fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti nípọn, ìka rẹ̀ ti yà. Ó gbìyànjú ti òsì, bákan náà ni. Ìgbà náà ni ó sunkún, ó ń sunkún bí ọmọdé, bàtà méjèèjì wà lórí itan rẹ̀.

Màmá Beatrice dìde, ó wọlé. Wọ́n rò pé ó ti lọ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ni. Ó jáde padà pẹ̀lú ife omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ oórì ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tí kò dá lóhùn fún ọdún mẹ́jọ.

Ó ní, "Olúrẹ̀mí. Omi rè é, ọmọ mi. O kú uṣẹ́."

Olúrẹ̀mí gbà á. Ó ṣì ń sunkún bí ó ṣe gbé e sẹ́nu. Omi náà dà sí i láyà, ó dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó mu ìyókù. Bámgbóṣé wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo omi tí ń ṣàn lọ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro náà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó fún un lómi, kò sì béèrè.